Bọ́ọ̀lù Kò Ní Bá Wa Ṣe Iṣẹ́ Tí Àwa Kò Ṣe

Gbólóhùn kan wà tí a ti gbọ́ títí tí etí wa fi di sí i: pé eré ìdárayá a máa so àwọn ènìyàn pọ̀. Olórí ìlú a máa sọ ọ́ nígbà tí ó bá ń ṣí ìdíje. Ẹni tí ó fi ife ẹ̀yẹ sílẹ̀ a máa tún un sọ nígbà tí ó bá ń gbé ife náà lé àwọn tí ó borí lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ a máa kọ ọ́ sí ojú pátákó, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa kọ ọ́ sára aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń ta sí ẹ̀gbẹ́ pápá, láti Tchatchou títí dé Kika, láti Bétérou títí dé Goro. Àwa pàápàá ti kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí, ní èdè Yorùbá lápá kan, ní èdè Faransé lápá kejì, kò sì sí ẹni tí ó bi wá léèrè ohun tí a rí kí a tó kọ ọ́. Lónìí a fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Kì í ṣe pé a kórìíra eré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣì ní àpá lórí orúnkún láti ìgbà tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ pupa nítòsí ojú irin. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa gbé ẹrù tí ó jẹ́ tiwa lé bọ́ọ̀lù lórí, kí a sì máa pàtẹ́wọ́ fún ara wa pé a ti gbé e délé.

Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá àwọn kan lóhùn ní ìhà kejì, àwọn àgbà tí wọ́n gbà pé eré kò ju eré lọ. Lójú tiwọn, ọmọ tí ó bá ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ń fi àkókò oko ṣòfò ni, ìwé ìròyìn tí ó bá sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà fún wọn. Àwọn àgbà wọ̀nyí kan náà ni a máa ń bá lábẹ́ igi lọ́sàn-án, tí ọpọ́n ayò wà láàárín wọn, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ta ni kò mọ̀ pé nǹkan ńlá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ọmọ ogún ọdún lè jókòó ti baba ẹni àádọ́rin ọdún, kí ó jẹ ẹ́ láyò, kí ó sì pè é ní òpè lójú gbogbo àwọn tí ó dúró yí wọn ká. Baba náà kò ní bínú, nítorí pé ìdí ọpọ́n ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá ti dìde, ọmọ a dọ̀bálẹ̀, baba a sì tún di baba. Àwùjọ tí ó dá irú ibi báyìí sílẹ̀, níbi tí a ti lè gbé ipò kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ipò náà má sì bàjẹ́, kì í ṣe àwùjọ tí ó ń ṣeré lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjàkadì àtijọ́ rí, àdúgbò sí àdúgbò, ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú, ọ̀rọ̀ sì parí. Àwọn aládùúgbò wa Bàrìbá ní ẹṣin wọn nígbà ọdún Gaani ní Nikki. Àwọn ọ̀dọ́ Fúlàní ní pàṣán tí wọ́n fi ń na ara wọn láti fi ìgboyà hàn, ẹni tí wọ́n ń nà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ pé ó ń dun òun. Marcel Mauss, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ti sọ ọ́ láti ọdún 1934 pé bí ènìyàn ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, àwùjọ rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ṣe rí, kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣeré níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń wo ojú kì í wẹ ojú. Dígí yóò fi ìdọ̀tí hàn ọ́. Kò ní bá ọ pọn omi. Ibí yìí ni àwa àti àwọn tí ó ń ta aṣọ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá ti pínyà.

Ọdún 2019 ni ó là wá lójú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà, a dìbò láti yan àwọn aṣòfin. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ni ó wà lórí ìwé ìdìbò, àwọn méjèèjì sì ń ti olórí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn. Ìjọba ní òfin tuntun ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò tẹ̀ lé. Àwọn alátakò ní ìrẹ́jẹ ni. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò sì ní dá ẹjọ́ náà nínú ìwé yìí. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé nínú ẹni mẹ́rin tí ó forúkọ sílẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan tí ó lọ dìbò. Pé nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ láàárín àwọn ará ìlú àti àwọn agbófinró. Pé ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Parakou dí, ìbọn dún, ẹ̀mí sì bọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lára ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì bọ́ ọ kúrò lọ́kàn.

Oṣù kẹfà yẹn kan náà, ní ọjọ́ 21, ni Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Íjíbítì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tí a ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà náà kí wọ́n tó di Ẹkùn Guépard ní ọdún 2022, ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, wọ́n tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, wọ́n pàdé Mòrókò. Moïse Adilehou gbá góòlù kan wọlé, Mòrókò dá a padà, Ziyech sì gbá pẹ̀nárítì mọ́ òpó nígbà tí eré ń parí lọ. Nígbà tí wọ́n wá gba pẹ̀nárítì sí ara wọn, 4 sí 1 ni a fi lé Mòrókò lọ sílé. Bí a ṣe dé ìpele àwọn mẹ́jọ nìyẹn, láìjẹ́ pé a borí ẹnikẹ́ni láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. (Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé nípa orílẹ̀-èdè wa lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.) Gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jáde síta ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwa náà jáde ní Tchaourou. Ojú ọ̀nà tí eérú táyà kò tíì kúrò lójú rẹ̀ ni a jó lórí. A jó, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó burú pé a jó.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ fún wa pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọgbẹ́ náà jiná, pé bọ́ọ̀lù ṣe ohun tí òṣèlú kò lè ṣe. A kọ ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn tí ó kú ṣì kú, ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ó sá wọ inú igbó kò sì mọ̀ bóyá òun lè padà sílé. Nígbà tí òfin ìdáríjì dé ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìjíròrò àwọn olóṣèlú ní Kútọnu ni ó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe góòlù Adilehou. Ìdáríjì náà pàápàá ní àbùkù tirẹ̀ tí ó tọ́ kí a máa jiyàn lé lórí: a lè dárí ji gbogbo ènìyàn láìjẹ́ pé a sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn jókòó ṣe. Ijó tiwa kì í ṣe iṣẹ́. Ohun tí ó sì ń dùn wá jù lọ ni pé wọ́n fi ijó náà jẹ́rìí lòdì sí wa: “Ṣebí ẹ jó, ṣebí ara yín ti yá?” Ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ a máa rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ta ni ó jẹ́ mú ẹ̀rín náà lọ sí kóòtù láti fi hàn pé kò sí òkú nínú ilé?

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ti sọ ìtàn yìí fún. Ẹ wo Kódífúà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, lẹ́yìn tí wọ́n borí Sudan tí wọ́n sì rí ọ̀nà lọ sí Ife Àgbáyé, Didier Drogba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, wọ́n bẹ àwọn ọmọ ìlú wọn pé kí wọ́n sọ ohun ìjà kalẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2007, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Madagascar ní Bouaké, ìlú tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti fi ṣe olú ìlú wọn, wọ́n sì borí, 5 sí 0. Gbogbo ayé ni ó ti gbọ́ ìtàn náà, ìtàn tí ó dára sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń sọ ọ́ kì í sábà sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ouagadougou ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún yẹn, oṣù mẹ́ta gbáko ṣáájú eré Bouaké. Àdéhùn ni ó ṣí ọ̀nà fún bọ́ọ̀lù. Wọn kì í sì í sọ apá kejì ìtàn náà rárá: ní ìparí ọdún 2010, lẹ́yìn ìdìbò tí ẹni méjì sọ pé àwọn borí, ogun tún bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sì kú. Drogba ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún náà. Bí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bá ní agbára tí wọ́n ní ó ní, níbo ni agbára náà wà?

A kò sọ èyí láti fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí a fìbò yàn ṣe lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń retí kí eré ṣe iṣẹ́ àdéhùn ti gbé òpin ọ̀rọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan ti rí èyí kedere. Norbert Elias, ará Jámánì tí ó sá fún Hitler, ẹni tí ó wá kọ́ni ní yunifásítì Legon ní Gánà láti 1962 sí 1964, ṣe ìwádìí lórí bí eré ìdárayá òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti Eric Dunning kó èrò wọn jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1986. Ohun tí Elias rí ni pé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn baba wọn ti ń pa ara wọn nítorí ipò, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń fi ipò sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ láìbẹ̀rù pé ẹni tí ó gba ipò yóò pa ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni wọ́n sì ń ṣe òfin fún ìdíje wọn nígbà náà. Elias kò sọ pé eré ni ó bí ìṣèlú àlàáfíà. Ó sọ pé gbòǹgbò kan náà ni àwọn méjèèjì ti hù: kí ènìyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ó sì gbà pé a lè ṣẹ́gun òun kí òun má sì parun. A kò ní láti gba gbogbo ohun tí ó sọ nípa àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kó ara wọn níjàánu nílé nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lókè òkun. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ òtítọ́ nípa gbòǹgbò náà, a jẹ́ pé ìlú tí kò bá mọ bí a ṣe ń pàdánù ìdìbò kò ní mọ bí a ṣe ń pàdánù ìdíje, òfin tí ó bá sì kọ sórí pápá yóò jẹ́ ẹfun lásán tí òjò yóò wẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Ìdíje ìsinmi tí a ń ṣe ní ọdọọdún ní àwọn abúlé wa: ti ta ni? Orúkọ ẹni tí ó fi ife sílẹ̀ ni ife náà ń jẹ́. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà láyà aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ọdún tí ìdìbò bá ń bọ̀, ife a pọ̀ bí olú. Ní ọdún tí ìdìbò bá ti kọjá, àwọn ọmọ a máa fi apá ẹ̀wù kan gbá bọ́ọ̀lù tí ó ti ya. A yóò sọ ohun kan tí ojú wa rí ní abúlé kan tí a kò ní dárúkọ. Eré àwọn ọmọbìnrin ni ó yẹ kí ó ṣáájú, aago mẹ́ta. Eré àṣekágbá àwọn ọmọkùnrin yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó fi ife sílẹ̀ kò tíì dé. Wọ́n ní kí a dúró. Aago mẹ́ta di mẹ́rin, mẹ́rin di márùn-ún. Àwọn ọmọbìnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá nínú oòrùn, wọ́n ti wọ aṣọ eré wọn tán, àwọn kékeré lára wọn ti gbé bàtà sórí itan. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́lá náà dé, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, wọ́n sì ní kí a fi eré àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ kí àṣekágbá lè bọ́ sí àkókò. Lẹ́yìn náà ni alága dìde, tí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí ó sì sọ pé eré ìdárayá ń so gbogbo ènìyàn pọ̀.

Àwa ńkọ́? A wà níbẹ̀. Orí àga tí wọ́n tò fún àwọn àlejò pàtàkì ni a jókòó sí. Ọ̀kan nínú wa pàápàá bá wọn pín omi inú ọ̀rá. Kò sí ẹni tí ó dìde. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, ẹgbẹ́ wa gan-an ti gba aṣọ eré mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń wá ipò, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, a pè é ní ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọwọ́ tó bá ń fúnni ní í wà lókè. A mọ òwe náà, a sì tẹ́wọ́ gbà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa wí lórí ohun tí a ń kọ yìí ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rẹ̀ láti ara wa.

Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ni. Òótọ́ ni. Pierre Bourdieu, ọmọ abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá rugby, béèrè ní ọdún 1978 bí ènìyàn ṣe ń di eléré ìdárayá. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ẹni tí ó ní àkókò, tí iṣẹ́ kò tíì lo gbogbo ara rẹ̀ tán, ni ó lè fi ara náà ṣeré. Ẹ fi ìbéèrè yìí wo ìdíje ìsinmi wa. Oṣù keje, oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án: ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí àwọn Faransé mú wá. Ní ilẹ̀ tiwọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn ni, ìgbà eré ni. Ní ilẹ̀ tiwa, àárín òjò gan-an ni. Ó jẹ́ ìgbà tí oko ń béèrè ọwọ́ jù lọ: èpò ń dàgbà, iṣu tuntun ń bọ̀, òwú ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọmọ àgbẹ̀ wà lóko. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ oníṣòwò àti ọmọ tí ó ti Parakou tàbí Kútọnu wá lo ìsinmi ni ó lè wà lórí pápá ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì yan ẹgbẹ́ abúlé, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n yàn, a ó sì máa yọ̀ pé abúlé wa borí. Abúlé wo? Àwọn ọmọ abúlé náà ń tu èpò. Bí àwọn ọmọbìnrin ṣe rí nìyẹn náà, ṣùgbọ́n tiwọn tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé oko ń parí ní ìrọ̀lẹ́, omi pípọn àti oúnjẹ sísè kì í parí.

Àwọn Fúlàní ńkọ́? Ó ti tó ìgbà mélòó tí a ti rí ẹgbẹ́ agọ́ Fúlàní kan nínú ìdíje kọmúnù wa? Ìgbà òjò ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ màlúù lójú méjèèjì kí ó má bàa wọ oko ẹlòmíràn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú tán, wọ́n ti da ẹran lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìjà tí ó wà láàárín wa gan-an, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, kò sí ẹgbẹ́ kan lórí pápá tí ó ń ṣojú fún un. Nàgó sí Nàgó ni a ń gbá, tàbí Nàgó sí Bàrìbá, a sì ń pè é ní ìrẹ́pọ̀. Ó rọrùn láti rẹ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹni tí a ti jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìdíje kúrò ní oṣù kẹjọ, kí ó wá sí ìparí oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá, nígbà tí a ti kó irè, tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí kajú kò tíì so, tí ọ̀pọ̀ agbo màlúù kò sì tíì lọ jìnnà. Àwọn kan yóò ní àwọn ọmọ tí ó wà ní ìlú ńlá kò ní lè wá. Kí wọ́n wá wòran nígbà Kérésìmesì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò lè fò. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ borí Nàìjíríà, 2 sí 1. Eré ilé ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n Abidjan ni a ti gbá a, nítorí pé a kò ní pápá kan nílé tí ó kún ojú ìwọ̀n, àwa tí ìjọba wa ń kọ́ pápá ìṣeré méjìlélógún káàkiri àwọn kọmúnù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Nàìjíríà san án padà fún wa ní Uyo, 4 sí 0, ọ̀nà Ife Àgbáyé sì dí mọ́ wa. Ní ìgbà méjèèjì, ẹni tí ó ń sọ Yorùbá ní àárín Parakou tàbí Kútọnu yóò ti gbọ́ ìbéèrè kan tí a fi ẹ̀rín bò: “Ẹ̀yin, ti ta ni ẹ ń ṣe?” Bí ẹni pé a ní àna ní Ṣakí, a kò lè ní orílẹ̀-èdè. Ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún gba àárín oko wa kọjá. Kò gba àárín ọkàn wa. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun wa ní alẹ́ Uyo gẹ́gẹ́ bí kò ṣe wọ ti ará Abomey. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: a kò bi ará Abomey léèrè rí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní ó ń sọ wá di ọ̀kan náà ni ó tún ń pè wá jáde láti wá fi ẹ̀rí hàn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sì dáhùn pé: ẹ̀yin àgbà, ẹ fi òṣèlú sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ni ọ̀nà tí ọmọ tálákà fi ń jáde nínú ìṣẹ́. Wọn yóò dárúkọ Steve Mounié, tí a bí ní Parakou ní ọdún 1994. A yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe lórí pápá tí ó wà lẹ́yìn ilé yín. Fún ẹnì kan tí ó jáde, ẹ wo iye àwọn tí ó jókòó sí ilé tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń fi owó ọkọ́ ríro ta tẹ́tẹ́ orí fóònù lórí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò ní dé ìlú rẹ̀ láéláé, nígbà tí àwọn Buffles ti Parakou ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú àga òfìfo. Ẹni tí ó ń wòran ni wọ́n ń sọ ọ́ dà, ó sì rò pé òun ni eléré.

A mọ àtakò tí ó kù: bí a bá lé àwọn tí ó ń fi ife sílẹ̀ lọ, níbo ni owó yóò ti wá? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ láìtijú. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta, fèrè méjì, ẹfun fún ìlà, oògùn ojú ọgbẹ́, owó ọkọ̀ fún abúlé tí ó bá jìnnà, oúnjẹ díẹ̀ fún àwọn adájọ́ eré. Aṣọ ẹbí tí a rà fún ìsìnkú kan ṣoṣo ní ọdún tí ó kọjá lè san gbogbo rẹ̀, yóò sì ṣẹ́ kù. A kò tòṣì débi pé a kò lè ra bọ́ọ̀lù fún ọmọ wa; a kàn ti bá a lọ pé kí ẹlòmíràn rà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́, kí ó mú un wá fún ìgbìmọ̀ bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì wá jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú wa. Kò sí àwòrán láyà ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀rọ̀ sísọ ṣáájú eré. Adájọ́ eré kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ abúlé méjèèjì tí ó ń díje, kò sì gbọdọ̀ sun ilé ọlọ́lá ní alẹ́ tí ó ṣáájú.

Ilẹ̀ pápá pàápàá wà nínú ewu. Pápá tí kò ní ìwé ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí a ní, etí wọn sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀: òpó ilé kan lónìí, ògiri ṣọ́ọ̀bù kan lọ́la. Nígbà tí ojú bá fi máa là, àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí ojú títì láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. A ó kọ́kọ́ béèrè èyí lọ́wọ́ ilé mérì kí a tó béèrè ohunkóhun mìíràn: kí wọ́n wọn àwọn pápá tí ó kù, kí wọ́n fi òkúta ààlà sí wọn, kí wọ́n sì fún abúlé ní ìwé rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ti dá aṣọ eré tí ó bá kù nínú mẹ́rìndínlógún náà padà. Mọ́kànlá ni a rí. A ti kọ lẹ́tà sí àwọn olórí abúlé, sí àwọn àgbà agọ́ Fúlàní tí a lè dé ọ̀dọ̀ wọn, àti sí àwọn olùkọ́ tí ó ń bójú tó eré ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé kí wọ́n rán ẹni méjì méjì wá sí ìpàdé lẹ́yìn ìkórè iṣu, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ohun kan ṣoṣo ni a ti fẹnu kò lé lórí ṣáájú ìpàdé náà: eré àwọn ọmọbìnrin ni àṣekágbá, òun ni yóò gbẹ̀yìn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé ife lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jókòó wò ó tán.